Ṣọ́bìrì Rosaire

Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ, lẹ́yìn tí mo bá ti fọ abọ́ kan ṣoṣo.
Mo da ojú korobá dé lẹ́bàá odò Labrie, mo jókòó lé e,
ẹ̀wù òtútù ọkọ mi lọ́rùn mi, ó ṣì ń rùn sìgá.
Àríwá Meéènì nibí. Oṣù Kẹsàn-án. Afẹ́fẹ́ ti ń jẹni létí.

Lámilámi kan ló kù, apá rẹ̀ ti ya.
Àkọ̀ eléérú dúró lórí ẹsẹ̀ kan
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá rà.
Èmi àti ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀.

Omi ló kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́.
Á là tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka fa ìlà sójú ẹ̀kọ mímu,
orí dúdú kan á yọ, etí bíńtín méjì, imú tútù:
bíbà.
Ẹ fojú inú wo òkété tó jẹ àjẹyó títí tó fi tó ajá ilé,
ìrù rẹ̀ pẹlẹbẹ bí omorogùn,
eyín iwájú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí àdá tó dógùn-ún.
Ó wọ́ ẹ̀ka igi pópúlà gba iwájú mi kọjá,
ewé ń fọwọ́ gbá omi.
Kò wò mí. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Onésime ọkọ mi ì bá ti ṣírò iye tí awọ rẹ̀ máa pa.
Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló pa lọ́dún tí a bí Lucienne;
òun la fi ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ, òun la fi san dókítà.
Àwọn tàkúté ṣì rọ̀ lára ògiri abà.
Ọdọọdún ni mò ń fi òróró pa wọ́n,
n kò mọ ìdí.

Rosaire tó wà lódìkejì ni kò gbà.
Ìdídò wọn ti ri ebè pòtétò rẹ̀ mẹ́rin.
Lọ́jọ́ Ajé ó gbé ṣọ́bìrì dé, ó tú u,
ó ń fi Faransé bú wọn, irú Faransé tí a kì í sọ níwájú àlùfáà.
Omi ya lọ, gbuuru. Ó nu ojú.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ibẹ̀ ti dí.
Ó tún tú u. Lọ́jọ́rú, ó ti dí,
ẹrẹ̀ tútù, òkúta, gbòǹgbò, àpò ajílẹ̀ kan tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an.
Lọ́jọ́bọ̀ ó ju ṣọ́bìrì sínú ẹrẹ̀,
ó ní òun ń lọ wá ẹni tó ní tàkúté.
Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.
Èmi ń wo àkọ̀.

Láàárọ̀ Ẹtì ó pè mí. Ohùn rẹ̀ ò le.
Ṣọ́bìrì rẹ̀ ti di ara ìdídò:
wọ́n ri irin rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀,
igi rẹ̀ tí baba rẹ̀ gbẹ́ nà gbalaja láàárín àwọn igi yòókù,
ojú eyín lára rẹ̀ látòkè délẹ̀.
Ó wọdò dé orúnkún kó lè fà á yọ.
Ó dì í mú. Ó dúró.
Nínú ilé onígi yẹn, àwọn ọmọ ń ké,
fín-ín, fín-ín, bí ìlẹ̀kùn tó ń fẹ́ òróró.
Omi ń rọ́ wọnú bàtà rọ́bà rẹ̀.
“Mélòó?”
Mo ní mẹ́ta, ó kéré tán.

Ó jáde lófo.
Ó ra ṣọ́bìrì mìíràn nílùú, dọ́là mẹ́tàlélógún,
ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ráhùn owó náà sí mi létí.
Pẹ́pẹ́yẹ igbó ti bà sórí ebè mẹ́rin yẹn.
Ní báyìí òun náà ti ní korobá tirẹ̀.

Kò tíì mọ̀ pé nígbà tí yìnyín bá bo gbogbo rẹ̀,
èémí àwọn tó ń sùn nínú ilé náà
máa ń rú jáde lókè bí èéfín ilé ìdáná.
Onésime ló fi hàn mí.
Òun ló fi máa ń mọ ibi tí yóò dẹ tàkúté sí.